Yíyi ìdè eegun: ẹ fi ẹ̀rọ sílẹ̀

Ìwé pélébé kan tí wọ́n ń pín fún aláìsàn bọ́ sí mi lọ́wọ́ l'Ábẹ́òkúta níbí. Ohun tí wọ́n kọ sórí rẹ̀ ni "agbara ero imuduro egungun", láìsí àmì ohùn kan ṣoṣo. Mo kà á fún màmá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú. Ó ní, "Ṣé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dá eégún dúró ni?"

Màmá kò jẹ̀bi. Ẹni tó túmọ̀ "mechanical strength of bone fixation" ló rí ọ̀rọ̀ tó jọ mẹkáníìkì nínú Gẹ̀ẹ́sì náà, ló bá sáré mú ẹ̀rọ. Ohun tí àwọn olùwádìí ń wá kò ju pé: bí wọ́n bá gé eegun, tí wọ́n tún un tò, tí wọ́n sì dè é, ẹrù wo ni ìdè náà lè gbà kó tó já?

Yíyi ìdè ni mo pè é. Ọ̀rẹ́ mi kan ní "ìmúdúró" ló bójú mu; mo ní ọlọ́pàá ló ń mú mọ́tò dúró. Àwọn tó ń to eegun nílẹ̀ wa, dídè ni wọ́n ń dè é. Òmíràn rọ̀ mọ́ "agbára". Iná ní agbára, ọba ní agbára, oògùn ní agbára. Èyí tí wọ́n fà títí tí kò já, ó yi ni à ń wí. Wọ́n ní "yi" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé, pé ọ̀rọ̀ ẹran ògbó ewúrẹ́ ni. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?

Ẹ wo kókó tó máa ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀, tí àtàǹpàkò á yẹ̀ lu ìka kejì. Dókítà lè gé eegun ibẹ̀ kó tọ́ ọ, tàbí kó so oríkèé ìdí eegun náà pọ̀ di ọ̀kan, iṣẹ́ tí wọ́n fi orúkọ dókítà Lapidus pè nítorí ohun tó kọ ní 1934. (Oríṣi gígé pọ̀, kò kàn wá.) Wáyà Kirschner, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún wọ inú eegun, ni wọ́n lè fi dè é, ó ti wà láti 1909, ó lè jẹ́ skúrù, ó lè jẹ́ irin pẹlẹbẹ. Láti mọ èyí tó yi jù, wọ́n á gbé eegun òkú tàbí eegun oníke sábẹ́ ẹ̀rọ, á máa tẹ̀ ẹ́ títí ìdè á fi já, wọ́n á sì fi Níútọ̀n, ìwọ̀n ipá, ka ẹrù tó já a. Ibi tí ẹ̀rọ ti wọlé nìyẹn, ṣùgbọ́n agbára tirẹ̀ kọ́ là ń wọ̀n.

Ẹ ronú pátákó orí gọ́tà níwájú ṣọ́ọ̀bù kan ní Pánṣẹ́kẹ́, tó ti sán láàárín. Ẹ kan irin mọ́ ọn lókè: ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́, abẹ́ ni yóò ti lanu. Ẹ kan irin kan náà mọ́ ọn lábẹ́: alábàárù tòun ti àpò gaàrí á kọjá. Bí ẹsẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Gìgísẹ̀ wà nílẹ̀, ìdí àtàǹpàkò wà nílẹ̀, ara ń tẹ̀ ẹ́ láàárín. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí irin abẹ́ oríkèé fi sábà máa ń yi ju irin òkè lọ. Àmọ́ abẹ́ yẹn ṣòro fún dókítà láti dé, iṣan pọ̀ níbẹ̀. Eegun òkú kì í sì í jinná, nítorí náà ẹ̀rọ kò lè sọ ti ìwòsàn fún wa.

Mo padà lọ bi màmá aládìrẹ ní ìdè tó yi. Kò tilẹ̀ wo ojú mi. "Iko tí kò bá yi, aró á wọlé. Ṣé o máa ra aṣọ lónìí?"