Ẹ Jẹ́ Kí Alátakò Rí Ara Rẹ̀ Nínú Àpilẹ̀kọ Yín

Púpọ̀ nínú àwọn àpilẹ̀kọ èrò tí ó ń dé ọwọ́ èmi olóòtú ni a kọ fún ẹni tí ó ti gbà pẹ̀lú òǹkọ̀wé tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó ní kí a fòfin de fóònù ní ilé-ẹ̀kọ́ yóò to àléébù fóònù sílẹ̀ títí ìwé yóò fi kún, yóò bú gbogbo òbí tí kò gbà pẹ̀lú rẹ̀, ọkàn rẹ̀ yóò sì balẹ̀ pé òun ti borí. Ti ìfáàrà àti ìkádìí, ilé-ẹ̀kọ́ ti kọ́ yín, n kò ní fi àkókò ṣòfò lórí rẹ̀. Alátakò tí a kò fún láyè láti sọ̀rọ̀ ni ó ń dùn mí.

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni àgbà òṣìkà. Òǹkàwé ni adájọ́ yín, ó sì ti gbọ́ tẹnu ẹnì kejì kí ó tó ka tiyín. Òbí tí ó fẹ́ kí ọmọ òun mú fóònù dání ń rò ó pé bí ewu bá ṣẹlẹ̀ lójijì, òun gbọ́dọ̀ lè gbọ́ ohùn ọmọ náà. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ bí òun fúnra rẹ̀ yóò ti sọ ọ́, kì í ṣe bí ọ̀tá rẹ̀ yóò ti sín in jẹ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá dá a lóhùn. Bí ẹ kò bá rí èsì tí ó múná dóko, ìmọ̀ràn tiyín ni kí ẹ tún ṣe: bóyá kí a gba fóònù ní àkókò ẹ̀kọ́, kí a dá a padà bí ọmọ bá ń lọ sílé.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ láyé. Ní ọdún 55 ṣáájú ìbí Kristi, Cicero, òǹkọ̀wé àti olóṣèlú Róòmù, kọ ọ́ sílẹ̀ bí Antonius, ògbóǹtarìgì agbẹjọ́rò Róòmù, ṣe máa ń gba ẹjọ́: yóò kọ́kọ́ gbè sẹ́yìn alátakò níwájú oníbàárà rẹ̀, kí ẹni náà lè tú gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ síta, bí oníbàárà bá sì ti lọ, Antonius nìkan yóò di ẹni mẹ́ta, ara rẹ̀, alátakò àti adájọ́. Irú làálàá bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ wa ń gbà.

Ìdí nìyí tí inú fi ń bí mi sí àwọn tí ń gbowó lọ́wọ́ èèyàn láti kọ́ wọn pé ìbínú, ọ̀rọ̀ kàǹkà-kàǹkà àti ẹ̀rọ tí ń báni kọ̀wé ti tó. Ní ọdún 2023, àwọn agbẹjọ́rò kan ní New York gbé ìwé lọ sí ilé-ẹjọ́, wọ́n sì fi àwọn ẹjọ́ àtijọ́ tí ChatGPT bá wọn wá ti ọ̀rọ̀ wọn lẹ́yìn. Àwọn agbẹjọ́rò alátakò wá àwọn ẹjọ́ náà títí, wọn kò rí wọn, nítorí pé ẹ̀rọ náà ni ó hùmọ̀ wọn. Adájọ́ ní kí wọ́n san 5,000 dọ́là ìtanràn, kí wọ́n sì kọ lẹ́tà sí àwọn adájọ́ tí a fi orúkọ wọn sí ìdájọ́ irọ́ wọ̀nyí.

Alátakò kan náà ni yóò kọ́kọ́ yẹ iṣẹ́ yín wò. Iye tí ẹ kò mọ orísun rẹ̀, àti ọ̀rọ̀ tí ẹ kò mọ ibi tí ẹni tí ẹ fi í mọ́ ti sọ ọ́, ẹ yọ wọ́n kúrò. Bí mo bá béèrè ibi tí ẹ ti rí wọn, tí ẹ kò lè dáhùn, n kò ní tẹ àpilẹ̀kọ náà jáde, bí ó ti wù kí ó dùn tó.