Ilẹ̀ Abẹ́ Ilé: Ìdí Tí Ìmìtìtì Ilẹ̀ Fi Ń Wó Ilé Kan, Tó Ń Dá Ìkejì Sí

Ní àárọ̀ ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1985, ilẹ̀ mì tìtì ní etí òkun Pàsífíìkì lórílẹ̀-èdè Mẹ́síkò. Láti ibẹ̀ dé olú-ìlú wọn, Mexico City, ó lé ní kìlómítà 300. Ẹni tó bá gbọ́ bó ṣe jìnnà tó á rò pé mímì díẹ̀ ló máa kan àwọn ará olú-ìlú. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ gan-an ni ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé ti wó, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì kú.

Ohun tó fà á wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Inú adágún Texcoco ni àwọn Aztec tẹ ìlú náà dó sí, lórí erékùṣù. Lẹ́yìn tí àwọn ará Sípéènì gba ìlú ọ̀hún, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi adágún náà gbẹ, ilé sì ń gòkè lórí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Amọ̀ ló wà níbẹ̀, ó rọ̀ débi pé omi inú rẹ̀ wúwo ju erùpẹ̀ rẹ̀ lọ. Ohun tí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń sọ mímì tó bá ti ìsàlẹ̀ wá dà ni mo fẹ́ ṣàlàyé. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ipa ilẹ̀ abẹ́ ilé.

Ìgbì ìmìtìtì a máa sáré nínú àpáta, ó lè rìn ju kìlómítà kan lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú amọ̀ Mexico City, níbi tó rọ̀ gan-an, kò ju nǹkan bíi mítà 75 lọ. Ẹ wo ìgbì òkun bó ṣe ń bọ̀: níbi tí omi ti jìn, ẹ ò ní fura, bó bá dé ibi tí kò jìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ a falẹ̀, ara rẹ̀ a ga, kó tó wó lu iyanrìn. Ti inú ilẹ̀ náà nìyẹn. Eré rẹ̀ ló dín, agbára tó gbé wọlé ṣì wà, nítorí náà mímì rẹ̀ á fẹ̀ sí i. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rọ tó wà lórí amọ̀ adágún wọn mímì tó tó bí ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún èyí tí ẹ̀rọ orí òkúta líle wọ̀n nínú ìlú kan náà.

Síbẹ̀, ìyẹn nìkan kọ́. Ẹ gbọn àwo tí ẹ̀kọ ti dì sínú rẹ̀, ẹ̀kọ náà á máa lọ, á máa bọ̀, ní ìwọ̀n tirẹ̀, kò ní tètè dákẹ́. Ní ibi púpọ̀ lórí adágún yìí, lílọ àti bíbọ̀ kan ń gba bí ìṣẹ́jú àáyá méjì. Ilé náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ìṣirò ojú-bù tí àwọn ẹnjiníà ń ṣe ni pé kí a fi 10 pín iye àjà rẹ̀: ilé alájà 10, ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ilé bá sì ti ń sán, ó ń rọ̀, lílọ-bíbọ̀ rẹ̀ á máa pẹ́ sí i, á máa sún mọ́ ti amọ̀. Ọmọ tó ti gun jangirọ́fà rí mọ èyí tó kù: títì kékeré tó bá bọ́ sí àkókò, léraléra, ló ń gbé èèyàn lọ sókè réré.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ilé alájà 6 sí 15 ló jìyà jù. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ kúkúrú là á já. Torre Latinoamericana, ilé gogoro alájà 44 nínú ìlú náà tí wọ́n ṣí ní 1956, dúró digbí. Bí ilé bá wó, kọ́ńtírákítọ̀ la máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi, ó sì máa ń jẹ̀bi nígbà mìíràn lóòótọ́. Ó dùn mí pé níhìn-ín, ẹni tó tẹ̀ lé òfin ìgbà yẹn ṣì lè kọ́ ilé tí gíga rẹ̀ bá ìlù amọ̀ náà mu, kó má sì mọ̀.

Iyanrìn tó kún fún omi ní ìjàm̀bá tirẹ̀: bí ó bá mì pẹ́, á di bí ọbẹ̀. Ní Niigata, ní Jàpáàn, lọ́dún 1964, odindi ilé alájà mẹ́rin fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ògiri wọn kò fọ́.

Lónìí, òfin ìkọ́lé Mexico City pín ìlú sí ọ̀nà mẹ́ta: orí òkè líle, àárín, àti orí adágún. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án 2017, ọjọ́ kan náà, ìmìtìtì mìíràn ṣẹlẹ̀ nítòsí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lílọ àti bíbọ̀ mímì rẹ̀ yára ju ti 1985, ó sì kan àwọn àdúgbò bíi Roma àti Condesa, tó wà lápá ibi tí amọ̀ kò ti nípọn tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, lọ́tẹ̀ yìí, púpọ̀ nínú ilé tó wó kò tó alájà 10.