Nọ́ńbà lọ́wọ́ oníbàárà, ẹrù lọ́wọ́ sáfà: bí session ṣe ń gbé inú dátábéèsì

Ká mú ṣọ́ọ̀bù orí íntánẹ́ẹ̀tì kan ní Ìjẹ̀bú-Òde tó ń ta aṣọ ẹgbẹ́ fún àwọn rẹgbẹ́rẹgbẹ́. Oníbàárà fi orúkọ àti páswọ́ọ̀dù wọlé, ó ju gèlè méjì sínú apẹ̀rẹ̀, ó tẹ ojú ewé ìsanwó. Lójú sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé ṣọ́ọ̀bù náà, àlejò pátápátá ló tún dé yẹn. HTTP, ìlànà tí bráwúsà àti sáfà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, kì í rántí ẹnikẹ́ni: ìbéèrè dé, ó gba èsì, ó tán.

Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i ò yàtọ̀ sí nọ́ńbà tí télọ̀ ń so mọ́ aṣọ. Sáfà á ṣe nọ́ńbà gígùn kan tẹ́nì kan ò lè méfò, á fi sínú kúkì, ìyẹn àkọsílẹ̀ kékeré tí bráwúsà ń pa mọ́, bráwúsà á sì máa mú un wá nígbàkigbà tó bá padà dé. Nọ́ńbà nìkan ló wà lọ́wọ́ oníbàárà. Ẹrù gan-an, ìyẹn ẹni tó jẹ́ àti ohun tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọwọ́ sáfà ló wà. Ẹrù yìí ni session.

PHP, èdè tí wọ́n fi ń kọ ọ̀pọ̀ sáìtì, máa ń kọ session kọ̀ọ̀kan sínú fáìlì lórí díìsìkì, bí ẹnikẹ́ni ò bá sọ fún un pé kó ṣe bíì mìíràn. Tó bá jẹ́ sáfà kan ṣoṣo ni, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí Iléyá bá ti ń sún mọ́, tí gbogbo ẹgbẹ́ ń wá aṣọ Ojúde Ọba tó máa ń bọ́ sí ọjọ́ kẹta ọdún, sáfà kan lè má gbé e mọ́, kí wọ́n fi ìkejì kún un. Oníbàárà wọlé lórí ti àkọ́kọ́, ìbéèrè rẹ̀ tó tẹ̀ lé e bọ́ sórí ìkejì. Ìkejì wo díìsìkì tirẹ̀, kò bá nǹkan kan, ó ní kó lọ tún wọlé. Dátábéèsì kan tí àwọn méjèèjì jọ ń wò ló ń yanjú èyí. Ní MySQL, irú dátábéèsì kan, àtẹ náà ò ju báyìí lọ:

CREATE TABLE sessions (
  id CHAR(64) PRIMARY KEY,
  data MEDIUMBLOB NOT NULL,
  expires_at INT UNSIGNED NOT NULL,
  KEY (expires_at)
);

Kì í ṣe nọ́ńbà inú kúkì ló yẹ kó wọ inú id, SHA-256 rẹ̀ ni, ìyẹn àbájáde ìṣirò tí a ò lè yí padà sí nọ́ńbà náà, tí í ṣe lẹ́tà 64. Ẹni tó bá jí ẹ̀dà dátábéèsì náà kó ò ní rí nọ́ńbà tó lè fi pera rẹ̀ ní oníbàárà. A lo MEDIUMBLOB fún data torí pé BLOB lásán kì í gbà ju báìtì 65,535 lọ. Bí strict mode, ètò tí í mú kí MySQL kọ ohun tó pọ̀ jù, ò bá sí, MySQL á gé ìrù ohun tó pọ̀ jù, kò sì ní dá iṣẹ́ náà dúró. PHP ò ní lè ka ìyókù, á pa session náà run, oníbàárà á kàn rí i pé wọ́n ti lé òun jáde. Síbẹ̀, session tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, àìsàn ló ń ṣe é. Nọ́ńbà ọjà ló yẹ kó wà níbẹ̀, kì í ṣe ọjà pẹ̀lú àwòrán àti ìtàn rẹ̀.

Kí PHP tó lè lo dátábéèsì dípò fáìlì, ẹ óò kọ kóòdù tó bá SessionHandlerInterface rẹ̀ mu. Ó ń béèrè iṣẹ́ mẹ́fà: open, close, read, write, destroy, gc. Bí read ò bá rí ìlà kankan, ọ̀rọ̀ òfìfo ni kó dá padà. Tó bá dá false padà, session ò ní ṣí. Ní ti write, ẹ má kọ́kọ́ wò bóyá ìlà wà kẹ́ ẹ tó fi sí i, torí ìbéèrè méjì lè wò lẹ́ẹ̀kan náà, kí àwọn méjèèjì ní kò sí. INSERT ... ON DUPLICATE KEY UPDATE ló ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ni àgádágodo, èyí tí kì í jẹ́ kí ìbéèrè méjì lo session kan lẹ́ẹ̀kan náà. Fáìlì PHP ní tirẹ̀ látilẹ̀wá. Dátábéèsì ò ní, àfi kẹ́ ẹ fi sí i. Oníbàárà ṣí ojú ewé méjì: ó fi gèlè kún apẹ̀rẹ̀ ní ọ̀kan, ó fi fìlà kún un ní èkejì. Ìbéèrè méjèèjì ka apẹ̀rẹ̀ àtijọ́, oníkálukú kọ odindi tirẹ̀ padà, èyí tó kọ kẹ́yìn bo tàkọ́kọ́ mọ́lẹ̀. Gèlè lọ. SELECT ... FOR UPDATE ń dí èyí, àmọ́ ìlà tí kò tíì sí ṣòroó tì. GET_LOCK ti MySQL, tó ń ti orúkọ dípò ìlà, dára jù níbẹ̀, orúkọ tó ń gbà ò sì gbọdọ̀ ju lẹ́tà 64 lọ, tó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú SHA-256 wa. Ẹ ṣáà rántí láti tú àgádágodo náà sílẹ̀ nínú close. Bí ojú ewé ìsanwó bá ń dúró de báǹkì fún ìṣẹ́jú àáyá 20 pẹ̀lú àgádágodo lọ́wọ́, gbogbo ojú ewé yòókù tí oníbàárà yẹn ṣí á dúró pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ pe session_write_close(), tó ń kọ session tó sì ń tì í pa, kẹ́ ẹ tó kàn sí báǹkì.

Ìdọ̀tí ló kù. PHP máa ń ka session sí òkú lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 1440, ìyẹn ìṣẹ́jú 24, ó sì ń pe gc, iṣẹ́ tó ń gbá òkú session, bíi lẹ́ẹ̀kan nínú ìgbà 100 tí session bá ṣí. Debian àti Ubuntu, ẹ̀yà Linux méjì, ti sọ ìgbà tí wọ́n ń pe gc yẹn di òdo, torí pé iṣẹ́ cron tiwọn, ìyẹn iṣẹ́ tó ń ṣe ara rẹ̀ ní àkókò tí wọ́n dá fún un, ló ń gbá fáìlì. Àtẹ dátábéèsì ò sí lára ohun tí cron yẹn ń gbá, nítorí náà ó lè máa wú lọ. Ẹ ṣe cron tiyín:

DELETE FROM sessions WHERE expires_at < UNIX_TIMESTAMP() LIMIT 1000;

Kó máa tún un ṣe títí kò fi ní rí nǹkan pa mọ́. Láìsí LIMIT, ìpalẹ̀mọ́ ńlá kan lè dá ọjà dúró. Kí read náà máa wo expires_at fúnra rẹ̀, torí cron kì í fìgbà gbogbo tètè dé. Àwọn rọ́bọ́ọ̀tì tó ń yẹ ojú ewé wò kì í sábà mú kúkì padà wá, ìbẹ̀wò kọ̀ọ̀kan wọn á sì bí ìlà tuntun. Ẹ má ṣí session fún ẹni tí kò tíì mú nǹkan kan.

Tó bá jẹ́ PostgreSQL, dátábéèsì mìíràn, ni ẹ ń lò, bytea ló rọ́pò BLOB. Gbogbo UPDATE níbẹ̀ ń ṣẹ̀dá ìlà tuntun, ìlà àtijọ́ á sì wà nílẹ̀ títí vacuum, ìgbálẹ̀ PostgreSQL, á fi gbá a. Index, ìyẹn KEY, tó wà lórí expires_at tún ń dá kún un. Ẹ má sún àkókò yẹn síwájú ní gbogbo ìtẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú 5 ti tó.

Kí ọdún tó dé, ẹ wọlé, ẹ fi ọjà sínú apẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ pa sáfà tó dá yín lóhùn, kẹ́ ẹ tún ojú ewé náà ṣí. Apẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ohun tó wà nínú rẹ̀.