Báa ṣe ń tọ́ wísíkì wò: ẹ má jẹ́ kí orúkọ ìlú tàn yín jẹ

Iṣẹ́ mi ni kí n máa bu wísíkì fáwọn èèyàn tọ́ wò nílé ọtí kan níbí ní Glasgow, kí n sì máa ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń gbóòórùn ẹ̀ fún wọn. Àwọn èèyàn wa tó ń wọlé wá ti ń pọ̀ sí i, àti àwọn tó ń gbébí àtàwọn tó kàn wá kí ọmọ, ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ bi mí: "Ẹ̀gbọ́n, wísíkì ìlú wo ló dáa jù gan-an?" Mi ò kì í dá wọn lóhùn. Gíláàsì méjì ni mo máa ń gbé síwájú wọn, Laphroaig ọlọ́dún 10 nínú ọ̀kan, Bunnahabhain ọlọ́dún 12 nínú èkejì, màá ní kí wọ́n gbóòórùn ẹ̀ ná, kí wọ́n má tíì fẹnu kàn án.

Tẹ́ ẹ bá gbé imú sórí Laphroaig yẹn, ọsibítù lẹ máa kọ́kọ́ rántí. Izal tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀ wọ́ọ̀dù, áyódíìnì tí wọ́n ń fi sójú egbò, èéfín wá wà lábẹ́ gbogbo ẹ̀, èéfín ẹja yíyan. Àwọn míì á ti fa orí sẹ́yìn, wọ́n á máa wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ fún wọn lóògùn mu. Ẹ wá gbé Bunnahabhain. Kò séèéfín kankan níbẹ̀, èso gbígbẹ ni, oyin, ẹ̀pà yíyan díẹ̀, tẹ́ ẹ bá tọ́ ọ wò iyọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ á kù sẹ́yìn ahọ́n. Bẹ́ẹ̀ erékùṣù kan náà làwọn méjèèjì ti wá o, Islay, ní ìwọ̀ oòrùn Skọ́tlándì, mọ́tò máa gbé yín láti ọ̀kan dé èkejì láàárín wákàtí kan. Gbogbo ẹni tó ń pín wísíkì sí àgbègbè á sọ fún yín pé "Islay, èéfín ni." Ó dáa, ti Bunnahabhain yìí ńkọ́? (Wọ́n máa ń ṣe elééfín náà nígbà míì, àmọ́ ti ọlọ́dún 12 yìí ò ní.)

Ìdí tí mo fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé orúkọ àgbègbè ò tíì sọ ohun tó wà nínú ìgò fún yín. Òfin wísíkì Skọ́tlándì ti 2009 dárúkọ àgbègbè márùn-ún, Highland, Lowland, Speyside, Islay àti Campbeltown, wọ́n sì wúlò fún ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò. Fún ẹni tó fẹ́ mọ adùn, ohun tó yẹ kẹ́ ẹ béèrè ni pé kí ni wọ́n ṣe sí ọtí yìí: ọkà wo, iná wo, ìkòkò wo, àgbá wo, ojú ọjọ́ wo.

Ẹ jẹ́ ká mú èéfín yẹn. Wọ́n á rẹ ọkà báálì sómi títí á fi bẹ̀rẹ̀ sí í hù, wọ́n á wá gbẹ ẹ́ kó má baà hù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Islay ò nígi tó pọ̀ láti dáná, peat ló ní, ìyẹn ilẹ̀ dúdú inú àbàtà, koríko àti ewéko tó ti ń jẹrà síbẹ̀ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, wọ́n á gé e bí búlọ́ọ̀kù, wọ́n á sá a, tó bá ti gbẹ ó ń jó dáadáa, èéfín ẹ̀ sì nípọn gan-an, èéfín yẹn ló ń wọnú ọkà lọ. Fínọ́ọ̀lù ni wọ́n ń pe ìdílé àwọn nǹkan tó wà nínú ẹ̀, ìdílé yẹn náà ló ń fún Izal lóòórùn, nítorí náà imú yín ò parọ́ rárá. Wọ́n máa ń wọ̀n ọ́n nínú ọkà, ppm ni wọ́n fi ń kà á, ìyẹn iye tó wà nínú ìdá mílíọ̀nù kan, Ardbeg tóun náà wà ní Islay ń lo ọkà tó tó 55 ppm, Laphroaig wà ní bíi 40 sí 45, Octomore sì sábà máa ń kọjá 100. Ilé iṣẹ́ Bruichladdich ló ń ṣe Octomore yẹn, ilé iṣẹ́ yẹn kan náà ló tún ń ṣe wísíkì tí wọ́n fi orúkọ ilé iṣẹ́ pè, tí kò léèéfín rárá. Inú ọgbà kan náà o!

Tí wọn ò bá fi peat gbẹ ọkà, èéfín ò sí níbẹ̀, yálà Islay ni àbí Kúbà.

Ká wá bọ́ sórí àgbá, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ adùn ti ń wá. Wísíkì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kán jáde látinú ìkòkò bàbà mọ́ kedere ni, kò ní àwọ̀ kankan, tẹ́ ẹ bá rí i ẹ ó ní ògógóró ni, ẹ ò sì jìnnà sóòótọ́, torí sísè náà ni wọ́n sè méjèèjì, ẹmu ni wọ́n sè tiwa láti inú ẹ̀, ọkà ni tiwọn. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni igi. Skọ́tlándì ní dandan ni kó lo ọdún mẹ́ta ó kéré tán nínú àgbá igi óákù, kí agbára ọtí inú ẹ̀ má sì dín ní 40% nígbà tí wọ́n bá ń rọ ọ́ sígò. Amẹ́ríkà ní tiwọn, kó tó lè jẹ́ bourbon, àgbàdo gbọ́dọ̀ kó 51% ó kéré tán nínú ọkà tí wọ́n fi ṣe é, àgbá óákù ọ̀hún sì gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun, tí wọ́n ti fi iná jó inú ẹ̀. Tuntun! Ìyẹn ni pé tí wọ́n bá ti lò ó lẹ́ẹ̀kan wọn ò lè fi ṣe bourbon mọ́, wọ́n á wá tà á, ta ló ń rà á? Àwọn ará Skọ́tlándì, Írẹ́lándì, àtàwọn tó ń ṣe rọ́ọ̀mù ní erékùṣù Caribbean. Nítorí náà fànílà àti àgbọn tẹ́ ẹ ń gbóòórùn nínú Glenlivet ọlọ́dún 12 yẹn, igi Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ ẹ̀ ti wá, ẹ kàn ń pè é ní adùn Speyside ni.

Ẹ wá bu Aberlour A'bunadh sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, Speyside kan náà, àmọ́ inú àgbá tí wọ́n ti rọ wáìnì ṣẹ́rì ti Spain sí rí ni gbogbo ẹ̀ ti gbó, ẹ máa rí i pé ó pọ́n, ó nípọn, àjàrà gbígbẹ àti kéèkì Kérésìmesì ló kún inú ẹ̀, ó sì le, ó sábà máa ń wà ní 60% tàbí nítòsí ẹ̀ torí wọn kì í bomi là á. Ẹni tó bá mu méjèèjì tán tó ṣì ń sọ fún mi pé "Speyside fúyẹ́, ó dùn" ti pa mí lẹ́rìn-ín.

Kí n má gbàgbé ọ̀rọ̀ àwọ̀, torí lóde ìnáwó nílé lọ́hùn-ún mo mọ bó ṣe ń rí, ìgò tó bá dúdú jù ni wọ́n á gbé síwájú àwọn bàbá. Skọ́tlándì gbà kí wọ́n fi kárámẹ́lì pa wísíkì láwọ̀, E150a lorúkọ ẹ̀, àìmọye ilé iṣẹ́ ló sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí gbogbo ìgò lè jọra. Bourbon ni òfin Amẹ́ríkà ò gbà fún. Nítorí náà àwọ̀ kì í ṣe ọjọ́ orí, kì í sì í ṣe agbára. Ọjọ́ orí gan-an tí wọ́n kọ sára ìgò, ti èyí tó kéré jù nínú ẹ̀ ni, tí wọ́n bá kọ 12 ó lè jẹ́ pé èyí tó ti lo ogún ọdún wà níbẹ̀. Johnnie Walker Blue Label tí gbogbo wa ń fi ṣe fáàrí yẹn, wọn ò kọ ọjọ́ orí kankan sí i lára rárá, bẹ́ẹ̀ wísíkì àdàpọ̀ ni, láti oríṣiríṣi ilé iṣẹ́ káàkiri Skọ́tlándì. Mi ò ní ò dáa o. Mo ní ẹ má fi ṣe òdiwọ̀n.

Ti Írẹ́lándì, Jameson ni gbogbo èèyàn mọ̀, ó fúyẹ́, ó ń yọ̀ lọ́fun, wọ́n á ní torí pé wọ́n ń sè é lẹ́ẹ̀mẹta ni, níbi tí Skọ́tlándì ti sábà ń sè é lẹ́ẹ̀mejì. Òótọ́ ni, àmọ́ Auchentoshan tó wà lẹ́yìn ìlú wa níbí náà ń sè é lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tó jẹ́ ti Írẹ́lándì gan-an ni pé wọ́n máa ń po ọkà báálì tó ti hù mọ́ èyí tí ò tíì hù, ọ̀rọ̀ owó orí ló fà á, nígbà tí ìjọba bu owó orí lé ọkà tó ti hù lọ́dún 1785, àwọn èèyàn wá ń fi èyí tí ò hù kún un kí owó tí wọ́n máa san lè dín kù. Owó orí yẹn ò sí mọ́, adùn ẹ̀ ò lọ: ẹ tọ́ Redbreast ọlọ́dún 12 wò, ó nípọn lẹ́nu bí ẹni pé òróró díẹ̀ wà nínú ẹ̀, ata díẹ̀, atalẹ̀ díẹ̀. Tí wọ́n bá fún mi lówó tèmi láti ra ìgò kan ṣoṣo lóṣù, òun ni màá rà.

Japan ni wọ́n máa ń fi bá mi jiyàn jù. Ará Glasgow ò gbọ́dọ̀ bá Japan jà lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹbí ni wá. Ọmọ Japan kan, Masataka Taketsuru, dé Skọ́tlándì lọ́dún 1918, yunifásítì Glasgow níbí ló ti kàwé, ó lọ kọ́ṣẹ́ ní Longmorn ní Speyside àti Hazelburn ní Campbeltown, ó fẹ́ Rita Cowan, ọmọ Kirkintilloch, ó sì mú un lọ sílé. Òun ló bá oníṣòwò Shinjiro Torii dá ilé iṣẹ́ wísíkì Yamazaki sílẹ̀ ní 1923, kó tó wá lọ dá tiẹ̀ sílẹ̀ ní Yoichi lọ́dún 1934, lápá àríwá tó tutù, níbi tí wọ́n ṣì ti ń fi èédú dáná sábẹ́ ìkòkò títí dòní. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi Yoichi wé nǹkan, ẹ má fi wé Glenfiddich, Springbank ti Campbeltown ni kẹ́ ẹ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ìbátan á yọjú fúnra ẹ̀. Ẹ sì máa ka ara ìgò dáadáa, torí fún ọ̀pọ̀ ọdún èèyàn lè ra wísíkì láti ìlú míì, kó rọ ọ́ sígò ní Japan, kó sì pè é ní ti Japan. Ọdún 2021 làwọn tó ń ṣe é ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹnu kò pé ibẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti sè é, ibẹ̀ ni kó ti lo ọdún mẹ́ta nínú igi, àdéhùn ọ̀hún sì wá múlẹ̀ pátápátá ní April 2024.

Ojú ọjọ́ náà ní tiẹ̀. Níbí tí òtútù ti ń pa wá, bíi 2% ọtí inú àgbá ló ń gbẹ lọ́dọọdún, ìpín àwọn áńgẹ́lì ni wọ́n ń pè é. Ní Bengaluru ní Íńdíà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe Amrut, ó lè kọjá 10%, ooru máa ń lé ọtí wọnú igi lójú méjèèjì. Ọlọ́dún márùn-ún níbẹ̀ lè ti gba igi sára ju ọlọ́dún 12 tibí lọ, ẹ ò lè fi kàlẹ́ńdà kan náà wọn méjèèjì. Ẹ tiẹ̀ gbọ́ ìgboyà: Glasgow níbí ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé Amrut jáde lọ́dún 2004.

Báa ṣe ń tọ́ ọ wò wá nìyí. Gíláàsì tó fẹ̀ nísàlẹ̀ tó fún lẹ́nu ló dáa, gíláàsì wáìnì kékeré náà á ṣe é, kì í ṣe kọ́ọ̀bù ńlá tó lanu gbàǹgbà. Ẹ má fín pafúùmù lọ́jọ́ yẹn, ẹ má sì jẹ ẹ̀fọ́ rírò aláta tán kẹ́ ẹ wá jókòó, ahọ́n á ti kú. Díẹ̀ ni kẹ́ ẹ bù, kí gbogbo gíláàsì wà lórí tábìlì lẹ́ẹ̀kan náà, torí ẹ ò lè fi èyí tẹ́ ẹ mu lánàá wé tòní. Ẹ má ti imú bọ inú ẹ̀ bí ẹni ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀, ẹ jẹ́ kó jìnnà díẹ̀, kẹ́ ẹ la ẹnu díẹ̀, kẹ́ ẹ padà wá síbẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan. Èyí tó fúyẹ́ ni kó ṣáájú, èyí tó léèéfín ni kó gbẹ̀yìn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ èéfín á bo gbogbo èyí tó kù mọ́lẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti tọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan láì bomi là á, ẹ wá kán omi sí i, ìkán-ìkán, kì í ṣe kẹ́ ẹ dà á. Àwọn kan á ní ìyẹn ń ba ọtí jẹ́. Àwọn tó ń po wísíkì fún iṣẹ́ ṣe máa ń bomi là á dé nǹkan bí 20% kí wọ́n tó gbóòórùn ẹ̀. Lọ́dún 2017 Karlsson àti Friedman ní yunifásítì Linnaeus ní Sweden fi kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n mú guaiacol, ọ̀kan lára àwọn tó ń fún èéfín lóòórùn, wọ́n rí i pé tí ọtí ò bá ju 45% lọ, ojú ọtí ló máa ń wá dúró sí, níbi tí imú ti máa rí i, àmọ́ tó bá ti kọjá 59% ńṣe ló máa ń rì wọ inú. Áísì ní tiẹ̀ máa ń pa òórùn, ẹ tọ́jú ẹ̀ di ìgbà tẹ́ ẹ bá ń fi ṣe fàájì.

Ẹ ò ní láti ra ìgò ńlá kankan láti bẹ̀rẹ̀, àwọn ìgò kékeré 5cl wà, ẹni mẹ́ta lè pín ọ̀kan. Ẹ mú méjì tí nǹkan kan ṣoṣo yà wọ́n sọ́tọ̀, ìyẹn ló ń kọ́ni jù: Glenlivet pẹ̀lú Aberlour fún àgbá, Jameson pẹ̀lú Redbreast fún ọkà, Bruichladdich pẹ̀lú Ardbeg fún èéfín. Kẹ́ ẹ sì ní kọ́ọ̀bù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ́ ẹ máa tutọ́ sí, kò sí ìtìjú níbẹ̀, àwa tó ń fi í ṣiṣẹ́ jẹ ń tu ú dànù. Tó bá jẹ́ Skọ́tlándì níbí lẹ ti ń tọ́ ọ, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sílé, láti December 2014 òfin awakọ̀ tibí ti le ju ti England lọ, 50mg nínú 100ml ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fàyè gbà, 80 ni tiwọn.