Láti pápá Kansas dé orí òkè Rocky: bí títì I-70 ṣe ń gòkè díẹ̀díẹ̀

Láti Kansas City dé Denver lórí títì márosẹ̀ I-70, nǹkan bí 600 máìlì ni, ìrìn wákàtí mẹ́sàn-án tí a kò bá ka ìsinmi. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ gbà pé ilẹ̀ títẹ́jú ni gbogbo ọ̀nà náà, pé ìgbà tí òkè Rocky bá yọ níwájú ni gígun òkè tó bẹ̀rẹ̀. Ojú ló ń tàn wọ́n. Kansas City fi nǹkan bí 280 mítà ga ju òkun lọ. Nígbà tí mọ́tò bá fi máa dé Goodland, nítòsí ààlà Colorado, ó ti wà lórí ilẹ̀ tó ga tó 1,120 mítà. Denver wà ní 1,609. Ọkọ̀ ti gun ohun tó lé ní 1,300 mítà kó tó kan ìdí òkè gidi, ṣùgbọ́n nítorí pé ọ̀nà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000 kìlómítà, ara kò mọ̀ ọ́n.

Àwọn òkè náà fúnra wọn ló tẹ́ pápá yìí sílẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún ni odò ń wọ́ iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ sọ̀kalẹ̀ láti orí wọn, tí ó ń tẹ́ ẹ lọ sí ìhà ìlà-oòrùn. Bí ilẹ̀ ṣe ń jìnnà sí òkè ló ń rẹlẹ̀ sí i. Ẹni tó ń wakọ̀ lọ sí ìwọ̀-oòrùn ń gun ìdàgẹ̀rẹ̀ yẹn padà ni, gíga yìí ló sì ń pinnu irú koríko tí ojú yóò rí, bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí, epo tó yẹ ọkọ̀, àti bí ènìyàn ṣe máa mí.

Nọ́ńbà tó wà lára pátákó ẹ̀bá títì ni kó kọ́kọ́ yé awakọ̀. Lórí irú títì yìí, láti ààlà ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ń ka máìlì, ibi tí a ti ń yà kúrò lórí títì sì ń jẹ́ nọ́ńbà máìlì tó wà. Nítorí náà, bí a bá ń lọ sí Colorado, nọ́ńbà Kansas á máa wálẹ̀: ẹni tó bá rí Exit 53 ní Colby mọ̀ pé 53 máìlì ló kù kó jáde ní Kansas. Tó bá ti sọdá, nọ́ńbà á fò lọ sí nǹkan bí 450, á tún máa wálẹ̀. Apá kan ló yàtọ̀: láàárín Kansas City àti Topeka, Kansas Turnpike, ọ̀nà tí wọ́n ń gba owó lórí rẹ̀, ni títì náà, nọ́ńbà tirẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti ààlà Oklahoma. Wọn kì í gba owó lọ́wọ́ níbẹ̀ mọ́ láti oṣù keje ọdún 2024. Kámẹ́rà ló ń ya nọ́ńbà ọkọ̀, wọ́n á sì fi ìwé owó ránṣẹ́ sí ẹni tí kò ní táàgì ìsanwó lára ọkọ̀. Ẹni tó háyà mọ́tò gbọ́dọ̀ bi ilé iṣẹ́ tó háyà rẹ̀ iye tí wọ́n ń fi kún owó yẹn.

Láti Topeka dé Junction City ni Flint Hills, àgbègbè òkè kéékèèké tó kún fún koríko, wà, ibẹ̀ ló sì lẹ́wà jù ní gbogbo ìhà Kansas. Akọ òkúta wà lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, kò sì jìn. Ohun ìtúlẹ̀ kò lè wọ̀ ọ́, ìdí nìyẹn tí àgbẹ̀ fi fi koríko ibẹ̀ sílẹ̀ fún màlúù nígbà tí wọ́n ti sọ pápá ibòmíràn di oko àgbàdo àti àlìkámà. Koríko gíga tó kù ní Amẹ́ríkà kò tó ìdá 4 nínú 100 èyí tó wà tẹ́lẹ̀, ìhín sì ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà. Ẹni tó bá fẹ́ rí i dáadáa, kó yà ní Exit 313, kó gba ọ̀nà K-177 lọ sí gúúsù, kó gba Council Grove kọjá dé àgbègbè Strong City, níbi tí ìjọba ti pa pápá kan mọ́, tí wọ́n sì dá ẹfọ̀n Amẹ́ríkà padà sí lọ́dún 2009. Koríko yìí máa ń ga ju ènìyàn lọ níbi tí ilẹ̀ bá ti ní ọ̀rinrin, ìparí oṣù kẹsàn-án ló sì máa ń ga jù. Ní oṣù kẹta àti kẹrin, àwọn ọlọ́sìn màlúù máa ń finá sun pápá kí koríko tútù lè hù. Èéfín á máa sọdá títì nígbà náà. Kí a ti fèrèsé, kí a tan iná ọkọ̀, kí a dín eré kù.

Lẹ́yìn Salina, koríko á máa kúrú. Ọ̀rinrin tó ń bọ̀ láti òkun Pásífíìkì ti rọ̀ tán sórí òkè kó tó dé pápá, nítorí náà bí a ṣe ń sún mọ́ òkè ni òjò ń dín kù: ìlà-oòrùn Kansas ń rí nǹkan bí 1,000 mílímítà òjò lọ́dún, ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ìdajì ìyẹn lọ. Igi ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará àtijọ́ ní àgbègbè Russell fi ń gé òkúta ṣe òpó ọgbà, àwọn òpó náà ṣì dúró lẹ́bàá ọ̀nà títí dòní. Láàárín Colby àti Goodland, aago á padà sẹ́yìn ní wákàtí kan. Ní gúúsù Oakley, òkúta ẹfun tí wọ́n ń pè ní Monument Rocks ga tó 20 mítà láàárín pápá, nítorí ìsàlẹ̀ òkun ni ibẹ̀ ní nǹkan bí 80 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Ilẹ̀ oníṣòwò màlúù ni, ọ̀nà rẹ̀ kò sì ní ọ̀dà. Tí òjò bá ti rọ̀, kí mọ́tò kékeré má ṣe bẹ̀rẹ̀, torí pé ẹrẹ̀ ibẹ̀ máa ń dì mọ́ táyà.

Afẹ́fẹ́ ni ewu tó ń bá awakọ̀ rìn jù lórí pápá. Kò sí igi tàbí òkè tó lè dá a dúró, láti ẹ̀gbẹ́ ló sì sábà máa ń gbá ọkọ̀. Bí a bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tírélà, tírélà yóò dí afẹ́fẹ́ náà, ṣùgbọ́n bí a bá ṣe yọ jáde níwájú rẹ̀, á gbá wa lẹ́ẹ̀kan náà. Ọwọ́ méjèèjì ló gbọ́dọ̀ wà lórí sítíárì nígbà yẹn. Tí ilẹ̀ bá gbẹ, eruku lè bo títì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2025, nítòsí Goodland, ọkọ̀ tó lé ní 70 kọlu ara wọn nínú irú eruku bẹ́ẹ̀, ènìyàn 8 sì kú. Bí eruku bá ń bọ̀, kí a yà kúrò lórí títì pátápátá, kí a pa gbogbo iná, kí a sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, nítorí pé ẹni tó wà lẹ́yìn lè máa tẹ̀ lé iná pupa, kó rò pé ọkọ̀ náà ń lọ ni. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, láti oṣù karùn-ún, ìjì pẹ̀lú yìnyín àti ààjà ńlá wà níbẹ̀. Abẹ́ afárá kì í ṣe ibi ìsádi. Afẹ́fẹ́ máa ń le sí i lábẹ́ rẹ̀ ni. Kí a yà sí ìlú tó bá sún mọ́ jù, kí a wọ ilé tó lágbára.

Ní òtútù, sínóò lè ti dáwọ́ dúró kí ọ̀nà má sì ṣe é gbà, nítorí pé afẹ́fẹ́ ń gbé èyí tó ti wà nílẹ̀ kiri. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe géètì irin sórí títì náà ní àwọn ìlú bíi Goodland. Tí wọ́n bá tì í, ìlú tí a wà náà ni a óò sùn. Kí ẹnikẹ́ni má gba ojú ọ̀nà oko. Orí ìkànnì KanDrive fún Kansas àti COtrip fún Colorado ni wọ́n ti ń kéde èyí tó ṣí àti èyí tó tì.

Kí epo má ṣe rẹlẹ̀ ju ìdajì táǹkì lọ lẹ́yìn Goodland. Ilé epo jìnnà síra láti Burlington dé Limon, tí ó jẹ́ nǹkan bí 75 máìlì, bẹ́ẹ̀ náà ni láti Limon dé ẹ̀yìn odi Denver. Nínú Colorado, èyí tó rọjú jù nínú epo ní nọ́ńbà octane 85, nígbà tí ti Kansas jẹ́ 87. Nọ́ńbà yìí ló ń sọ bí epo ṣe lè dènà kí ẹ́ńjìnnì máa kàn kọ́kọ́kọ́. Láyé ọkọ̀ alákàbúrétọ̀ ni 85 ti bẹ̀rẹ̀, torí pé afẹ́fẹ́ tó fúyẹ́ kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì kàn. Ọkọ̀ òde òní, pàápàá èyí tó ní túbò, kò rí bẹ́ẹ̀. Tí ìwé ọkọ̀ bá sọ pé 87, kí a ra 87.

Ní àgbègbè Limon ni òkè àkọ́kọ́ ti máa ń hàn tí ojú ọ̀run bá mọ́: Pikes Peak, 4,302 mítà, lápá òsì. Lẹ́yìn Denver ni gígun gidi dé. Títì náà gòkè lọ sí ihò Eisenhower, èyí tó gba inú òkè kọjá, tó ga ju 3,350 mítà lọ, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1973. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní túbò ń pàdánù nǹkan bí ìdá 3 nínú 100 agbára rẹ̀ ní gbogbo 300 mítà tó bá gùn. Ní ẹnu ihò náà, bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti lọ. Kí a bọ́ sí ọ̀nà apá ọ̀tún, kí a má fi tipátipá tẹ ẹ́. Kí omi rédíétọ̀ ti kún kí a tó kúrò ní Denver.

Sísọ̀kalẹ̀ ló ń ba ọkọ̀ jẹ́ ju gígun lọ. Láti ihò náà sí Silverthorne, títì ń sọ̀kalẹ̀ ní ìdá 7 nínú 100. Awakọ̀ tó bá fi ẹsẹ̀ lé bíréèkì láti òkè dé ìsàlẹ̀ yóò gbóòórùn jíjó, lẹ́yìn náà omi bíréèkì lè hó, kí ẹsẹ̀ sì máa rì wọlẹ̀ láìsí ìdúró. Kí a kó sí jíà kékeré kí ìdàgẹ̀rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Tí eré bá pọ̀, kí a tẹ bíréèkì ṣinṣin fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá, kí a tú u sílẹ̀ pátápátá kó tutù. Àwọn ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ jíjìn sí wà fún tírélà tí bíréèkì rẹ̀ ti kú. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ páàkì níbẹ̀ láti ya fọ́tò.

Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án dé ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún, òfin Colorado ní kí ọkọ̀ tó bá gba I-70 láàárín Morrison àti Dotsero ní táyà òtútù tàbí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ẹ́ńjìnnì ń yí, kí ilà ojú táyà sì jìn tó 4.8 mílímítà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó gbé ṣéènì táyà dání. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí a ti kọjá ibi tó ga jù kí ọ̀sán tó pọ́n, torí pé ọ̀sán ni àrá máa ń sán lórí òkè.

Ti ara ènìyàn ló kù, ọ̀rọ̀ yìí sì kan Yorùbá ju ọ̀pọ̀ lọ. Láti nǹkan bí 2,500 mítà, orí lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, kí èébì máa gbéni. Kí a mu omi, kí a má ṣe mu ọtí, kí a sì sun òru kan ní Denver kí a tó gòkè sí i. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS gbọ́dọ̀ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, nítorí pé àìtó ọ́síjìn ló ń ká sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa, òun ló sì ń fa ìrora fọ̀níkúfọ̀ladìde. Àwọn AS tí wọn kò tíì ṣàìsàn rí náà kò bọ́: ní ibi gíga, pàápàá tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ agbára, ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé ọlọ inú wọn lè dí. Àmì rẹ̀ ni ìrora líle lábẹ́ egungun ìhà òsì, pẹ̀lú èébì. Kì í ṣe ohun tí a ń fi oògùn ara ríro dúró dè. Kí a gbé onítọ̀hún sọ̀kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí a sì sọ fún dókítà láìdúró kó bèèrè pé AS ni.