Ẹ̀ka-èdè àti Fíìmù Dọkumẹ́ńtárì Nínú Kíláàsì: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Kí ló ya èdè sọ́tọ̀ sí ẹ̀ka-èdè?

Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé tí ẹni méjì bá gbọ́ ara wọn yé, èdè kan náà ni wọ́n ń sọ. Òfin yìí kì í pẹ́ forí ṣánpọ́n. Ará Norway àti ará Sweden lè jókòó, kí kálukú máa sọ tirẹ̀, kí ọ̀rọ̀ sì wọ̀, síbẹ̀ èdè méjì la kà á sí. Ẹni tó gbọ́ Mandarin nìkan kò lè gbọ́ Cantonese, àmọ́ ẹ̀ka-èdè ni wọ́n ń pè é ní Ṣáínà. Ìjọba àti ààlà ilẹ̀ ló ń dá ẹjọ́ yìí ju etí lọ. Ọmọ ọdún 11 sí 14 ti tó ẹni tí a lè sọ bẹ́ẹ̀ fún.

Ṣé ẹ̀ka-èdè kì í ṣe èdè tí wọ́n sọ bàjẹ́ ni?

Rárá o. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ wá òfin inú rẹ̀ rí. Lágbègbè òkè Appalachia ní Amẹ́ríkà, àwọn àgbàlagbà kan máa ń fi "a-" ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n á ní "She was a-following a trail", ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ ní "She was a-discovering a trail". Wọ́n á ní "He was a-hunting", wọn kò jẹ́ ní "A-hunting is fun". Ẹ kọ èyí tí wọ́n ń sọ sápá kan pátákó, kí ẹ kọ èyí tí wọn kì í sọ sápá kejì, kẹ́ ẹ wá dákẹ́. Bó pẹ́ bó yá, ẹnì kan á rí i pé ohùn gbọdọ̀ wúwo níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé "a-", àti pé ọ̀rọ̀ náà kò gbọdọ̀ dúró bí ọ̀rọ̀-orúkọ. Kò sí olùkọ́ tó kọ́ àwọn àgbà yẹn lófin yìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ará Èkìtì tó ń pe ilé ní "ulé", tó ń pe igi ní "ugi": ó ń tẹ̀lé ìlànà ni.

Walt Wolfram àti Jeffrey Reaser, àwọn onímọ̀ èdè, ṣe ètò ẹ̀kọ́ irú èyí fún kíláàsì kẹjọ ní North Carolina ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú fídíò ohùn àwọn aráàlú nínú rẹ̀.

Kí wá ni ti fíìmù dọkumẹ́ńtárì nínú ọ̀rọ̀ èdè?

Ibí gan-an ló ká mi lára jù. Fíìmù dọkumẹ́ńtárì, èyí tó ń fi ènìyàn àti ìṣẹ̀lẹ̀ gidi hàn, a máa dájọ́ èdè láìsọ ọ́ síta. Ohùn tó ń sọ ìtàn, tí a kì í rí ojú ẹni tó ni ín, èdè ìwé ló sábà máa ń sọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n á jókòó síwájú ìwé, wọn á kọ orúkọ àti iṣẹ́ rẹ̀ sísàlẹ̀. Tó bá kan àgbà tó ń sọ ẹ̀ka-èdè, wọn á máa kọ gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sójú fíìmù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè tirẹ̀ náà ni òǹwòran ń sọ. Bí ẹni tí ń wí fún wa pé ẹni yìí kò ṣeé gbọ́.

Ẹ bo ojú fíìmù, kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ gbọ́ ohùn nìkan, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n gbọ́. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi wé èyí tí wọ́n kọ sísàlẹ̀. Níbo ni wọ́n ti tún gírámà onítọ̀hún ṣe? Kí ni wọ́n gé kúrò? Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ ń ran ẹni tí etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa lọ́wọ́, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ṣé gbogbo ènìyàn ni wọ́n kọ ọ́ fún, àbí àwọn kan?

Ṣé irọ́ ni fíìmù náà ń pa nígbà náà?

Kì í ṣe dandan. Nínú fíìmù tí Robert Flaherty ṣe nípa àwọn Inuit, ará ilẹ̀ yìnyín ìhà àríwá Kánádà, tó jáde ní 1922, ilé yìnyín tí wọ́n ṣí apá kan rẹ̀ sílẹ̀ ni wọ́n lò kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé fún kámẹ́rà. Ẹni tó ṣe fíìmù ló ń yan ohun tí a ó rí àti ohun tí a ó gbọ́.

Ṣé ọmọ ò ní pa èdè ìwé tì?

Kò ní pa á tì. Ní 1979, ilé ẹjọ́ kan pàṣẹ fún àwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ ní Ann Arbor, ìpínlẹ̀ Michigan, pé kí olùkọ́ mọ èdè tí àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ń sọ nílé, kí wọ́n sì gbé e yẹ̀ wò tí wọ́n bá ń kọ́ wọn láti ka èdè ìwé. Àfikún ni èdè ìwé jẹ́ sí èdè ilé. Bí àwọn ọmọ bá fẹ́ ṣe fíìmù tiwọn, kí wọ́n ka ohun tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ sétí ẹni tó sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbé e jáde, kó lè tún un ṣe.