Ìbọn kékeré, ọwọ́ ríro: ìbéèrè láti Houston, ìdáhùn láti Ìbàdàn

Nọ́ọ̀sì ni àbúrò mi obìnrin, Houston ní ìpínlẹ̀ Texas ló wà. Iṣẹ́ alẹ́ ló máa ń ṣe, òun nìkan ló sì máa ń wakọ̀ délé. Oṣù tó kọjá ó ra ìbọn ìléwọ́. Ó gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ ìbọn yíyìn, kò tíì yìn ju ogún lọ tí ọwọ́ rẹ̀ fi wú. Ó bá fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, torí ó mọ̀ pé mo lo ọdún mẹ́fà níbẹ̀ kí n tó padà sílé, mi ò sì kì í pa Sátidé jẹ níbi ìyìnbọn. Iwájú ilé mi ní Mọ́níyà ni mo jókòó sí tí mo ti ń gbọ́ ohùn náà. Àwọn tó wà lọ́dọ̀ mi náà gbọ́, ni ìbéèrè tiwọn bá bẹ̀rẹ̀.

Bọ̀dá, ẹni tó tà á fún mi ní kékeré ló yẹ obìnrin. Kí ló dé tó fi ń ta lọ́wọ́ mi bí àkùkọ tí wọ́n fẹ́ dúńbú?

Àwọn ọlọ́jà yẹn! Rántí àwọn apẹja orí omi Ẹlẹ́yẹlé. Tí apẹja bá fò láti inú ọkọ̀ kékeré sí etí omi, ọkọ̀ á sá sẹ́yìn lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, àfàìmọ̀ ni kò ní bá ara rẹ̀ nínú omi. Tó bá jẹ́ inú ọkọ̀ ńlá tí ẹrù wà nínú rẹ̀ ló ti fò, ọkọ̀ yẹn kàn máa mi díẹ̀ ni. Ọta ni apẹja, ìbọn ni ọkọ̀. Bí iná ẹ̀tù ṣe ń ti ọta síwájú ló ń ti ìbọn sẹ́yìn, bí ìbọn bá sì ṣe fúyẹ́ tó ló ṣe máa yára ta padà tó.

Glock 43 lo rà, Glock ni orúkọ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é. Tí ọta bá kún inú rẹ̀, ó wúwo tó bíi gíráàmù 635. Glock 19, tó jẹ́ agbedeméjì, súnmọ́ gíráàmù 850. Ọta kan náà ni méjèèjì ń jẹ, ọta mílímítà 9. Igba gíráàmù ó lé díẹ̀ tó wà láàárín wọn kò ju máńgò kan lọ, àmọ́ ọwọ́ mọ̀ ọ́n.

Ìwúwo nìkan kọ́ o. Mo ní kó yọ gbogbo ọta kúrò, kó wo inú ìbọn náà lẹ́ẹ̀mejì, kó wá dì í mú kó ya àwòrán ránṣẹ́. Bí mo ṣe rò ó náà ni: ìka ọmọńdinrín rẹ̀ ń rọ̀ dirodiro lábẹ́ èèkù, kò ríbi gbá mú. Àárín àtàńpàkò àti ìka ìtọ́ka, ibi tí ẹ̀yìn ìbọn ti ń gún un, ti pọ́n bí ẹni tó fi ọ̀bẹ bó iṣu látàárọ̀. Ìka méjì péré ló ń bá ìbọn jà.

Kí wá ni wọ́n ń pè ní agbedeméjì?

Òfin kankan kò là á sílẹ̀, àwọn oníṣòwò ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ lè fi Glock ṣe òṣùwọ̀n. Ní 1982, ológun ilẹ̀ Austria gba Glock 17, ìbọn ológun gidi tó ń gba ọta 17. Ní 1988 ilé iṣẹ́ náà gé e kúrú lókè àti nísàlẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Glock 19: ọta 15, ọ̀pá ìbọn rẹ̀ jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 10, gbogbo gígùn rẹ̀ kò sì pé 19. Ìwọ̀n yẹn tóbi tó láti gba gbogbo ìka, ó sì kéré tó láti wọ abẹ́ aṣọ. Smith & Wesson àti SIG, tí wọ́n jẹ́ ilé iṣẹ́ ìbọn mìíràn, náà ní irú tiwọn. Lójú tèmi, ẹni tó bá fẹ́ ra ìbọn kan péré kó wá a láàárín àwọn wọ̀nyí.

Mi ò ní parọ́ mọ́ àwọn kékeré o. Láti ìgbà tí SIG ti gbé P365 jáde ní 2018, tó ń gba ọta 10 nínú ara tíńtín, ìgbà ti yí padà fún wọn. Ẹni tó ti yìnbọn lọ́dún púpọ̀ lè lò ó láìsí wàhálà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ni mo ń bá wí.

Ṣé ọta tó tóbi kọ́ ló dára jù, ẹ̀gbọ́n? (Mẹkáníìkì àdúgbò ló bèèrè èyí.)

FBI, ọlọ́pàá ìwádìí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, rò bẹ́ẹ̀ rí. Ní 1986, òṣìṣẹ́ wọn méjì kú nínú ìjà ìbọn kan ní Miami, wọ́n sì di ẹ̀bi náà ru ọta mílímítà 9. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọta ńlá, ibẹ̀ ni ọta .40, tó fẹ̀ tó bíi mílímítà 10, ti jáde ní 1990. Nígbà tó fi máa tó ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, wọ́n ti padà sórí mílímítà 9. Kí ló fà á? Wọ́n ti ń ṣe ọta náà dáadáa ju tàtijọ́ lọ, àwọn òṣìṣẹ́ wọn sì ń fi í yára ba ohun tí wọ́n ń yìn síi, torí kò tó .40 í ta. Ológun Amẹ́ríkà tún ìbọn ìléwọ́ yàn ní 2017, mílímítà 9 náà ni wọ́n dúró lé. Ọta ńlá tó gba ẹ̀gbẹ́ kọjá kò ṣe nǹkan kan.

Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó bá ọwọ́ mi mu?

Má rà kí o tó yá. Àwọn ibi ìyìnbọn níbẹ̀ sábà máa ń yáni ní ìbọn. Yá mẹ́ta, yin àádọ́ta ọta nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ìka mẹ́ta ìsàlẹ̀ jókòó sára èèkù pátá. Kí orí ìka ìtọ́ka kan tírígà, irin tí ìka ń fà kí ìbọn tó yìn, láìjẹ́ pé o yí ọwọ́ padà.

Lẹ́yìn náà, fa irin orí ìbọn sẹ́yìn. Níbí ni wọ́n ti máa ń sọ fún obìnrin pé kò lágbára. Irọ́ ni. Irin orí ìbọn kékeré fúyẹ́, ọ̀nà tó ń rìn kúrú, dandan ni kí sípírìngì rẹ̀ le koko kó tó lè dá a dúró. Ti agbedeméjì rọ̀ jù ú lọ. Súnmọ́ ọn sí àyà, ẹnu ìbọn síwájú, ìka kúrò lára tírígà: fi ọwọ́ òsì gbá irin yẹn mú ṣinṣin, kí o wá fi ọwọ́ ọ̀tún ti èèkù síwájú. O máa rí i pé o lágbára.

Ó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣé kò ní yọ lábẹ́ aṣọ?

Ohun tó máa ń tú àṣírí kì í ṣe ọ̀pá ìbọn, torí ìyẹn ti wọ inú ṣòkòtò lọ. Èèkù ló ń gún aṣọ síta. Bẹ́líìtì tó le àti àkọ̀ tó bo tírígà mọ́lẹ̀ ló ń yanjú rẹ̀, pẹ̀lú aṣọ tí kò fún. (Ẹnì kan ní agbádá ńkọ́. Agbádá á bò ó, àmọ́ kí ẹ tó ká apá rẹ̀ tán, olè ti dé Ọ̀jọ́ọ̀.) Má fi sínú báàgì: ẹni tó bá já báàgì gbà ti gba ìbọn. Ọmọ ọdún mẹ́rin wà nílé rẹ, nítorí náà tí kò bá sí lára rẹ, inú àpótí irin tó ní kọ́kọ́rọ́ ni kó wà, kì í ṣe abẹ́ ìrọ̀rí.

Òfin wọn ńkọ́?

Ní Texas, láti Oṣù Kẹsàn-án 2021, ẹni tó ti pé ọdún 21 tí òfin kò sì fi ìbọn dù lè gbé e láìgba ìwé àṣẹ. Ilé ẹ̀kọ́ àti kọ́ọ̀tù kò sí nínú rẹ̀, oníléeṣẹ́ náà sì lè lẹ àkíyèsí mọ́ ẹnu ọ̀nà pé òun kò fẹ́. Èyí tí àwọn ará wa kì í mọ̀: òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ẹni tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí físà àbẹ̀wò ní ìbọn lọ́wọ́ rárá. Ẹni tó ní green card kò sí lára wọn.

Àwa tá a wà ní Ìbàdàn ńkọ́?

Ẹ gbàgbé ẹ̀. Òfin Ìbọn wa, ti 1959, ka gbogbo ìbọn ìléwọ́ mọ́ èyí tó jẹ́ èèwọ̀. Ààrẹ nìkan ló lè fúnni ní ìwé àṣẹ rẹ̀, ẹ̀wọ̀n tí òfin náà sì kọ sílẹ̀ fún ẹni tó ní in láìgbàṣẹ kò dín ní ọdún 10. Ìbọn ọdẹ ọlọ́pàá àgbà ilẹ̀ yìí ló ń fọwọ́ sí i. Ṣakabùlà wà lábẹ́ òfin ìpínlẹ̀. Ẹ má sì tọ́ka sí Amọ̀tẹ́kùn fún mi, iṣẹ́ ìjọba nìyẹn.

Ṣé àbúrò yín lè gbé ìbọn náà wálé tó bá ń bọ̀ ní Kérésì?

Rárá o. Houston ni kó fi í sí.

Lánàá ohùn mìíràn wọlé. Ó ti yá Glock 19, ó yin àádọ́ta, ọwọ́ kò ro ó. Ó ti gbé kékeré náà padà lọ bá ẹni tó tà á fún un. Ọkùnrin náà wò ó sókè sódò, ó ní irú rẹ̀ kì í yá tà, pé ìdajì owó lòun lè san.